Ìdánwò: Òṣùwọ̀n Ni Tàbí Adájọ́?

Nígbàkigbà tí àkókò ìdánwò ìparí sáà bá ti dé, ìráhùn ni a ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa: ẹni tí kò sùn ń ráhùn, ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè ohun tí kò kọ́ni jáde náà ń ráhùn. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí ìdánwò fúnra rẹ̀. Kí ni a dá a sílẹ̀ fún, kí ni a sì ti sọ ọ́ dà?

Òṣùwọ̀n ni ìdánwò. Bí ẹni tí ń ta gààrí ṣe ní kóńgò lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ní ìdánwò lọ́wọ́, kí ó lè mọ iye ẹ̀kọ́ tí ó ti wọ ọmọ lórí àti ibi tí ó yẹ kí òun tún padà sí. Àwọn bàbá wa náà ń dán ọmọ wò. Ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ọ̀gá rẹ̀ kì í bi í ní ìbéèrè lórí ìwé. Agbádá ni yóò gbé fún un pé kí ó gé. Bí ó bá gé e bàjẹ́, ọ̀gá yóò mọ ibi tí ó kù sí, yóò sì tún un kọ́. Kò sí ọ̀gá tí yóò tìtorí ọrùn agbádá kan tí ó wọ́ sọ pé kí ọmọ náà má ránṣọ mọ́ láyé rẹ̀.

A kò bú ìdánwò o. Kí a tó dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní 1952, òkè òkun níhìn-ín, ní Cambridge àti ní London, ni wọ́n ti ń gbé ìdánwò àwọn ilé ìwé girama wa wá. Síbẹ̀ náà, òun ni àkàbà tí ọmọ àgbẹ̀ gùn, ọmọ tí kò mọ ẹnìkan ní ọ́fíìsì ìjọba. Ìwé ìdánwò kò béèrè pé ọmọ ta ni. Àwọn tí ń wí pé kí a pa ìdánwò rẹ́ pátápátá, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀ fún wa, nítorí ẹ̀rù ń bà wá pé "ta ni bàbá rẹ?" ni yóò jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tí òṣùwọ̀n di adájọ́. Nígbà tí ó jẹ́ pé ìwé ọjọ́ kan ni yóò sọ bóyá ọmọ yóò wọ yunifásítì tàbí kò ní wọ̀ ọ́, ta ni kò ní wá ọ̀nà ẹ̀bùrú? Ní 1977, ìbéèrè WAEC jáde sí ìgboro kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, orúkọ náà "Expo" kò sì kúrò lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ìjọba ológun ṣe òfin ẹ̀wọ̀n ọdún 21 nítorí rẹ̀ ní 1984. Ní 1999, òfin mìíràn dín in kù sí ọdún márùn-ún ó pọ̀ jù. Expo kò tìtorí èyí kankan kú.

Ṣùgbọ́n gbogbo òfin wọ̀nyí, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí ń ràn án lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣọ́. Ta ni ń ṣọ́ ẹni tí ó gbé ìdánwò kalẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a mú ti JAMB ọdún 2025, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lọ́kàn wa. Àwọn ọmọ bí 1,950,000 ni èsì wọn jáde ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn tí ó lé ní 1,500,000 nínú wọn kò sì gba 200 nínú 400. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ayé ti ní àlàyé. Àwọn kan ní ọmọ ìwòyí kò kàwé mọ́, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ kiri. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ alára sọ pé àmì ni èsì náà jẹ́ pé a ti dí ọ̀nà màgòmágó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí àti olùkọ́ ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò ń pariwo pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn mọ ọmọ àwọn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Ọlọ́yẹ̀dé, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó jẹ́wọ́, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ti tún ètò kọ̀ǹpútà ṣe kí ìbéèrè àti ìdáhùn má baà wà ní ipò kan náà lójú akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Àwọn ẹ̀rọ tí ń gba ìdáhùn fún Èkó àti fún ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò ni wọn kò fi àtúnṣe náà sí. Ibùdó ìdánwò 157 ni ó kàn, 65 nínú wọn ní Èkó. Ọmọ 379,997 ni ó kàn, 206,610 nínú wọn ní Èkó. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìdánwò náà ṣe.

A yin Ọ̀jọ̀gbọ́n náà pé ó jẹ́wọ́; ọ̀gá kì í sábà jẹ́wọ́ nílẹ̀ wa. Síbẹ̀ ohun kan ń kọ wá lóminú. Ọ̀pọ̀ ni àwọn ọmọ náà, ojú kan ni wọ́n sì kó jọ sí, ni a fi gbọ́ igbe wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ibùdó kan ṣoṣo ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìkàrẹ́ ni ẹ̀rọ ti ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò gbọ́? Wọn yóò ní olódo ni àwọn ọmọ náà, ilé wọn náà yóò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjà, ẹni tí ń ra gààrí lè ní kí a dojú kóńgò dé kí òun fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Ọmọ tí ó ṣe JAMB, máàkì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Kò rí ìbéèrè tí ó gbà, kò sì rí èyí tí ó kùnà. Ohun tí a rò pé ó yẹ kí JAMB kọ́kọ́ tún ṣe nìyẹn, ju kámẹ́rà tí wọ́n ń kó sí ibùdó lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìsàn ilé nìkan nìyí. Ní Houston níhìn-ín, ìdánwò ìpínlẹ̀ Texas ń dá ọmọ lẹ́jọ́, ó ń dá olùkọ́ àti ilé ìwé lẹ́jọ́ pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọdún 2000, gbogbo Amẹ́ríkà ń yin ìlú yìí pé èsì ọmọ ń gòkè, àwọn tí ń pa ìwé tì sì ń dín kù. Rod Paige tí ń ṣe ọ̀gá àwọn ilé ìwé ìlú yìí di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ní 2001. Ní 2003 ni àṣírí tú. Ilé ìwé Sharpstown kò jìnnà sí wa ní Uptown. Ọ̀nà Southwest Freeway tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ ra èlùbọ́ ni a ó gbà débẹ̀. Ọmọ 463 ni ó kúrò níbẹ̀ láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan, ìwé tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ìjọba sọ pé kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó pa ìwé tì!

Òfin Texas ti 2015 tún sọ pé bí ilé ìwé kan ṣoṣo bá kùnà fún ọdún márùn-ún léraléra, ìjọba ìpínlẹ̀ lè gba àkóso gbogbo ilé ìwé ìlú náà. Torí ilé ìwé Phillis Wheatley ni wọ́n fi gba ti Houston ní oṣù kẹfà 2023, pẹ̀lú ọmọ tí ó lé ní 180,000, bẹ́ẹ̀ ni Wheatley fúnra rẹ̀ sì ti gba C ní 2022. Láti ìgbà náà, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wọn, ìdánwò kékeré ni wọ́n fi ń kádìí ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, wọ́n sì yọ olùtọ́jú ilé ìkàwé kúrò ní púpọ̀ nínú wọn. Èsì gòkè lóòótọ́, a kò ní fi í pamọ́. Àmọ́ ọmọ tí kò rí ìwé ìtàn gbé relé, kí ni yóò fi máàkì náà kà? Àwọn aṣòfin Texas pàápàá ti rí i pé ó ń fẹ́ àtúnṣe: ní 2025 wọ́n fẹnu kò pé kí ìdánwò ńlá STAAR kásẹ̀ nílẹ̀, kí mẹ́ta kéékèèké rọ́pò rẹ̀ láti ọdún ẹ̀kọ́ 2027 sí 2028.

Ó kan àwa náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yunifásítì ń sanwó fún láti máa máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní. Ní oṣù tí ń bọ̀, bí 30 nínú ọmọ 40 bá kùnà ìbéèrè kẹta, ìbéèrè kẹta gan-an ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó gbé bíró pupa. Bí ọmọ kan bá sì wá sí ọ́fíìsì pé òun fẹ́ rí ìwé òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní àga kí ó jókòó.