Kékeré La Ti Ń Pẹ̀kan Ìrókò

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Bí ọ̀rọ̀ ìlú tó ń fẹ̀ láìdúró bá délẹ̀, Èkó ni gbogbo wa máa ń nawọ́ sí. Èmi ní Òmù-Àrán nílẹ̀ Ìgbómìnà ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ìrókò Èkó ti ń gbẹbọ, ti Ìgbómìnà ṣì kéré. Ó ti lé ní ìdajì aráyé tó ń gbé ìgboro báyìí, kì í sì í ṣe olú ìlú nìkan ni wọ́n ń rọ́ lọ.

Láti ọdún 2011 tí Yunifásítì Landmark ti ṣílẹ̀kùn ní Òmù-Àrán, akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti àwọn tó ń tajà fún wọn ti ń wọlé. Ayọ̀ ni fún ìlú tí ọmọ rẹ̀ ti ń kó lọ sí Ìlọrin àti Èkó látọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń kọ́lé ní etí àwọn ìlú wa. Ẹbí á gé oko iṣu sí pulọ́ọ̀tì, ẹni tó rà á á tún gé tirẹ̀ sí méjì. Ọ̀kan á gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé, aládùúgbò rẹ̀ á gbẹ́ ṣaláńgá sídìí ògiri kan náà, torí kò síbòmíì tó kù. Omi inú kànga yẹn ni wọn yóò fi se oúnjẹ ọmọ. Gọ́tà kò sí. Òjò ló ń wá ọ̀nà fúnra rẹ̀, yàrá ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni yóò sì gbà.

Àwọn kan á ní Òmù-Àrán kò tíì tó ìlú tí à ń yàwòrán ètò ìlú fún. Ṣé wọ́n ti gbàgbé Màrókò? Abúlé kékeré létí ọ̀sà ni nígbà kan, kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà tó ti gba nǹkan bí 300,000 ènìyàn, ìjọba ológun Èkó kó katakata wọ̀ ọ́. Àwọn tálákà tó fi owó àjọ kọ́lé díẹ̀díẹ̀ ló sun ìta.

Ẹlòmíì á ní ẹ̀bi ìjọba ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Òfin ètò ìlú ti 1992 sì ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ tí yóò máa bójú tó ilé kíkọ́. Àmọ́ olórí ẹbí ló ń gbowó, àwa la sì ń fọwọ́ sí rìsíìtì. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: bí a bá ta etí odò tán, ta la ó lọ mú?

Yíya ilẹ̀ sọ́tọ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ní Èsìẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà kan náà, ère òkúta tó lé ní 1,000 ni àwọn baba wa bá nínú igbó. Ní 1945 ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà dúró níbẹ̀ nítorí wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣeé yà sọ́tọ̀ fún òkúta, ó ṣeé yà sọ́tọ̀ fún odò, fún ọjà, àti fún oko tí ìlú yóò jẹ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú tí ẹ ń dáwó láti Èkó, Ìlọrin àti Lọ́ńdọ̀nù, gbọ̀ngàn ìlú ti tó. Ẹ jẹ́ kí owó ọdún yìí lọ sọ́wọ́ sọ̀fíà, kó fi àmì sí ibi tí títì yóò gbà, ibi tí omi yóò gbà, àti oko tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà. Kí Kábíyèsí àti àwọn olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gbé e lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún ta pulọ́ọ̀tì mìíràn.