Kí ẹ tó ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun, ẹ kọ́kọ́ wo fláìwíìlì

Bí ẹ bá ti rin ọ̀nà Aráròmí-Obù sí Orè rí nígbà òjò, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ òórùn kan. Ó jọ ti irun tó ń jóná, ó sì jọ ti táyà. Lára ọkọ̀ tó gbé pákó ló ti sábà máa ń wá. Mọ́tọ̀ bọ́ì á ní, "Ọ̀gá, kílọ́ọ̀ṣì ti ń jó o!" Ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tó ń jó yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí owó ìdílé wa wà nínú rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ní ọkọ̀ Mercedes 911 kan, náì-wán-wán tí gbogbo wa mọ̀. Pákó ló ń kó, arèrè àti mèlínà, nígbà mìíràn títí dé Èkó. Ẹ́ńjìnì OM 352 ló bá a wá, onísìlíńdà mẹ́fà, agbára ẹṣin 130. Nígbà tí ìyẹn kú, wọ́n fi ẹ́ńjìnì oní-tọ́bò rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ wá ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara gbogbo ilé sì yá gágá. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan, ọkọ̀ náà jẹ kílọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Inú ọkọ̀ yìí ni owó ilé-ìwé àwọn àbúrò mi ti ń jáde, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Nígbà tí ẹ̀kẹta jó, àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi mángòrò le kú bí ìjà Orè. Mẹkáníìkì kan ní ká ra oní-sẹ̀rámíìkì, èyí tó ní bọ́tìnnì líle-líle, pé ìyẹn ò lè jó láéláé. Òmíràn ní ká ra tòkunbọ̀ tó dọ́wọ́, ká sì dá owó tó kù padà sápò. Mọ́tọ̀ bọ́ì ní ẹsẹ̀ dírẹ́bà ló wúwo. Ni àbúrò bàbá mi bá yíjú sí mi: "Ìwọ ọ̀mọ̀wé, físíìsì tí ò ń kà fún máásítà l'Ákùúrẹ́, kí ló wí?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u wò ná."

Èrò tèmi nìyí o. Ohun tí gbogbo wọn ń bèèrè ni pé kílọ́ọ̀ṣì wo ló le jù. Ìbéèrè tó yẹ ká bèèrè ni pé: níbo ni ooru ti ń wá, níbo ló sì ń lọ?

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kanra, kí ẹ fún wọn pọ̀. Bí ọ̀tún bá ń yí, òsì á bá a lọ. Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Fláìwíìlì, irin ńlá róbótó tó wà ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ni ọwọ́ kan. Kílọ́ọ̀ṣì, tó wà lórí ṣáàfù tó wọ gíàbọ́ọ̀sì, ni ọwọ́ kejì. Pírẹ́ṣọ̀ pléètì ló ń fún wọn pọ̀. Bí wọ́n bá ń yọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, ooru dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní pírẹ́ṣọ̀ pléètì ń fi agbára 10,000 niútìn tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tí ìdìmú ojú rẹ̀ jẹ́ 0.3, tí ibi tó ti ń di irin mú sì fi mítà 0.14 jìnnà sí àárín. Ojú méjì ni kílọ́ọ̀ṣì ní. Nítorí náà: 2 × 0.3 × 10,000 × 0.14, ó jẹ́ 840 niútìn-mítà. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí pẹ̀lú 400, kò sí wàhálà, ó jù ú lọ ní ìlọ́po méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì kán sí i. Ìdìmú lè já wá sí 0.1. Gbogbo rẹ̀ á wá di 280. Ẹ́ńjìnì ń mú 400 wá, kílọ́ọ̀ṣì ò lè gbà ju 280 lọ. Á máa yọ̀, á máa gbóná, á sì jó, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun láti inú páálí.

Ohun tí a sì bá nìyẹn. Nígbà tí wọ́n sọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì ti ń jò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ra kílọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tó pààrọ̀ síìlì tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Etí ló ń dun ọmọ, a wá lọ ń fi oògùn sí i nímú.

Ìkejì ni jíà tí a fi ń gbéra. Dírẹ́bà wa fẹ́ràn kó fi jíà kejì kúrò lójú kan, ó ní ti àkọ́kọ́ ń fa àkókò. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ooru tó ń wọ kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra máa ń tó iye agbára ìrìn tí ọkọ̀ gbà. Ká ní ọkọ̀ àti ẹrù jẹ́ tọ́ọ̀nù 15. Bí ó bá fi jíà àkọ́kọ́ gbéra dé mítà kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ooru náà jẹ́ nǹkan bíi 17,000 júùlù. Bí jíà kejì bá gbé e dé mítà mẹ́ta, ó di 67,500. Eré di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tàbí nínú ẹrẹ̀, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà mọ́tọ̀ bọ́ì ò kúkú parọ́.

Fláìwíìlì wá ńkọ́? Òun ni ìkòkò tí ooru ń dà sí. Bí 67,500 júùlù yẹn bá wọ inú fláìwíìlì kílò 20, á gbóná sí i ní nǹkan bíi ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 7. Bó bá jẹ́ kílò 10 péré, ó sún mọ́ 15. Ẹ wá rò ó wò bí ọkọ̀ bá gbéra lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra nínú gó-sìló. Bẹ́ẹ̀ sì ni fláìwíìlì dà bí òkòtó: èyí tó wúwo máa ń yí pẹ́. Ìwúwo yẹn ló ń gbé ẹ́ńjìnì kọjá láàárín ìgbà tí sìlíńdà kan jó àti ìgbà tí èkejì máa jó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ fi fláìwíìlì fẹ́lẹ́ bíi ti ọkọ̀ eré-ìje sára ọkọ̀ pákó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Tiwa ti ní ojú búlúù káàkiri, ó sì ti sán. Ibi tó búlúù yẹn ti gbóná kọjá ààlà. Ó lè ti le ju ibi tó kù lọ, kò sì ní jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì jókòó dáadáa. Ilé léètì lè fá ojú irin tó bá ṣì nípọn tó. Èyí tó bá ti sán jinlẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí fláìwíìlì tó sán bá fọ́ lórí eré, ẹsẹ̀ dírẹ́bà ò jìnnà síbẹ̀.

Ti sẹ̀rámíìkì, mi ò ní ó burú. Ó ń fara da ooru gan-an, àwọn ọkọ̀ àjàgbé ńlá láti Amẹ́ríkà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ó máa ń di irin mú lójijì. Ohun tí kò bá yọ̀ níbẹ̀, gíàbọ́ọ̀sì àti ṣáàfù ẹ̀yìn ni yóò gba ìjà rẹ̀. Fún ọkọ̀ àtijọ́ tó ń rìn nínú kòtò, mo fara mọ́ kílọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe sẹ̀rámíìkì, tó bá ẹ́ńjìnì tuntun náà mu, pẹ̀lú pírẹ́ṣọ̀ pléètì àti bíárìn rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ṣì kù. Mo rí ọmọ iṣẹ́ kan tó ń fi ẹnu fẹ́ eruku dúdú inú kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo irú rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ, ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì fòfin dè é ní 1999. Ojú lásán ò lè dá a mọ̀, àìsàn rẹ̀ sì lè má yọjú títí di ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Ẹ má fẹ́ ẹ.

Àbúrò bàbá mi pààrọ̀ síìlì, ó ra fláìwíìlì tó péye, ó sì kìlọ̀ fún dírẹ́bà nípa jíà kejì. Owó náà dùn ún, mi ò ní parọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, kò tíì sọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ó ṣì ń pè mí ní ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́ bó bá ń pè é.