Ìdí tí cisplatin fi wọ́n l'Amẹ́ríkà, tí arọ́pò rẹ̀ ò sì bá gbogbo aláìsàn mu

Ó lè jọ irọ́ létí ẹlòmíì, àmọ́ bó ṣe rí nìyí: l'Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé ń sáré lọ gbàtọ́jú, lọ́dún 2023, àwọn dókítà jókòó, wọ́n ń rò ó ta ló máa kọ́kọ́ gba oògùn jẹjẹrẹ, ta ló sì máa ṣe sùúrù. Oògùn ọ̀hún kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe olówó gọbọi. Cisplatin ni, èyí tí FDA, àjọ tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, ti fọwọ́ sí láti oṣù Kejìlá ọdún 1978.

Oṣù Kejì ni FDA kéde pé ó ti wọ́n. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹrin, ó ti ran carboplatin, àbúrò rẹ̀. Ẹgbẹ́ NCCN, tó kó àwọn ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ ńláńlá jọ, béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. 93 nínú 100 ló ní carboplatin ò tó, 70 nínú 100 ló ní cisplatin ò tó.

Ibì kan ṣoṣo ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn olùbẹ̀wò FDA wọ iléeṣẹ́ Intas tó wà ní agbègbè Ahmedabad, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Wọ́n bá ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ti fà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ nínú àpò ike, wọ́n tún ní òṣìṣẹ́ kan da ásíìdì sórí àwọn ìwé míì. Intas dá iṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni nǹkan bí ìdajì cisplatin tí Amẹ́ríkà ń lò ti ń wá.

Ṣé wọn ò kàn lè fún aláìsàn ní òmíràn ni? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn wà nínú bí wọ́n ṣe to oògùn náà.

Platinum, irin iyebíye tí wọ́n fi ń rọ òrùka ìgbéyàwó, ló wà láàárín rẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ló so mọ́ ọn: ammonia méjì, chlorine méjì. Chlorine méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí ọ̀kan bá wà lápá ọ̀tún, tí èkejì wà lápá òsì, èròjà kan náà ṣì ni o, àmọ́ kò ní ran aláìsàn jẹjẹrẹ lọ́wọ́.

Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ní iyọ̀, iyọ̀ sì ní chlorine, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí chlorine ara oògùn náà tètè bọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po ó mọ́ omi oníyọ̀ kí wọ́n tó fà á sí aláìsàn lára. Àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì, chlorine ò pọ̀. Tí oògùn bá débẹ̀, chlorine á bọ́, omi á gba àyè rẹ̀, platinum á wá lọ di DNA mú, pàápàá níbi tí méjì nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀ tó ń jẹ́ guanine bá tẹ̀lé ara wọn. DNA á tẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ò ní lè dà á kọ mọ́ kó tó pín sí méjì, á sì kú.

Kò sẹ́ni tó wá a lọ. Michele Peyrone, ará Ítálì, ti po èròjà yìí láti 1844, kò mọ̀ pé oògùn ni. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, Barnett Rosenberg ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan gbé iná mọ̀nàmọ́ná gba inú omi tí kòkòrò bakitéríà wà. Àwọn kòkòrò náà ò pín mọ́, wọ́n kàn ń gùn ṣáá, títí àwọn kan fi gùn ní ìlọ́po 300. Iná ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó fà á. Àṣé platinum tí wọ́n fi gbé iná wọ inú omi ló ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Larry Einhorn gbé e lé àwọn ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ kórópọ̀n tó ti tàn káàkiri ara lọ́wọ́, ní Indiana lọ́dún 1974, àìsàn tó ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn di èyí tí bíi 80 nínú 100 ń yè.

Àmọ́ cisplatin ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń di etí, èébì rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣe carboplatin: wọ́n yọ chlorine méjèèjì, wọ́n fi èròjà tó tóbi jù wọ́n lọ, tó fi ọwọ́ méjèèjì di platinum mú, rọ́pò. Kì í tètè tú, kíndìnrín sì rọ́wọ́ mú, àmọ́ mùdùnmúdùn inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń jìyà. Fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin, ó ń ṣiṣẹ́ bíi cisplatin. Fún ti kórópọ̀n, rárá, kò tó o. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bá yí oògùn rẹ̀ padà lè pàdánù ìwòsàn tó dájú. Ẹni tó sì gba carboplatin torí cisplatin ò sí ti gba ti ẹlòmíì nìyẹn.

Kí ló dé tí iléeṣẹ́ míì ò fi tètè ṣe é? Owó ni. Ẹ̀tọ́ oníǹkan ti parí tipẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀ débi pé èrè rẹ̀ ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ò lè jẹ́ gbẹ̀fẹ́: májèlé ni, abẹ́rẹ́ sì ni, ẹyọ kòkòrò kan ò gbọ́dọ̀ wọ inú ìgò. Àwọn tó rí i pé kò mówó wá ti kó ẹrù wọn lọ kí Intas tó ṣubú. Ẹ̀bi tí wọ́n ń dì lé Íńdíà nìkan lórí kò tọ̀nà. Ẹni tó ń wá owó tó kéré jù lójoojúmọ́ ní tirẹ̀ níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, FDA gbà kí iléeṣẹ́ Qilu ní Ṣáínà kó tirẹ̀ wọlé. Ó tó oṣù Kẹfà ọdún 2024 kí wọ́n tó kéde pé ọ̀wọ́n cisplatin ti tán.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń lò láti òkè òkun ló ń wá, Íńdíà sì wà lára àwọn tó ń kó o wá jù. Cisplatin yìí kan náà ni wọ́n ń fún àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pọ̀ mọ́ ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 wà fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Àwọn ìyá wọn tí àìsàn náà ti mú, cisplatin yẹn ni wọ́n ṣì ń retí.