Ogun Kì í Tán Lójú Ogun

Bí a bá fẹ́ fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ayété níhìn-ín, a óò ní kí wọ́n gbé e lọ sí Arò. Ṣùgbọ́n mélòó nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sójà ni ó bí ilé ìwòsàn náà? Ní 1944, ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà tí ogun Hítílà da ọpọlọ wọn rú.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò dé Arò ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ ní àwọn abúlé ìtòsí, ẹbí wọn sì ń bá wọn gbé ibẹ̀ gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé àìsàn yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin olùkọ́, oríkì jagunjagun ni a ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì, ó dára. Ta ni ń sọ ti aya sójà tí ọkọ rẹ̀ bá Boko Haram jà bọ̀, tí ń ta gìrì lóru, tí àwọn ọmọ ń sá fún? Obìnrin náà kò lè wí fún aládùúgbò. Ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò dárúkọ Arò.