Fọ́tò Tí Kò Lórúkọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òyìnbó nìkan ló kọ́kọ́ fi kámẹ́rà pa ìtàn wa mọ́. Iṣẹ́ George S. A. Da Costa fi hàn pé èrò yìí kò tọ̀nà. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1853. Ilé ìtàwé C.M.S. ló ń bójú tó títí di ọdún 1895, kí ó tó ná pọ́n-ùn 30 láti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Ìjọba amúnisìn pàápàá gbé iṣẹ́ fún un láti ya bí ọ̀nà rélùwéè ṣe ń wọ Òkè Ọya lọ.

Kí ni kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parun? Àkọsílẹ̀ ni. Ìwé The Red Book of West Africa, tó jáde ní ọdún 1920, kọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí, ó sì yìn ín.

Fọ́tò àtijọ́ wà lára ògiri ní Ìjẹ̀dẹ̀ àti káàkiri agbègbè Ìkòròdú, ṣùgbọ́n bí àgbà tó mọ ẹni inú rẹ̀ bá ti papò dà, fọ́tò náà yadi nìyẹn. Ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá rán akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn àgbà ilé wọn, kí wọ́n kọ orúkọ, ibi àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.