Orúkọ Kì í Kọ́ni Níṣẹ́

Bí ọmọ Àfìn Àkókó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, ohun méjì ni àwọn òbí ń wí: ‘Àkúrẹ́ ló sún mọ́ wa’, ‘Ìbàdàn ló lórúkọ.’ N kò gba ọ̀kankan. Yunifásítì Ìbàdàn ti wà láti 1948, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ẹnjiníà kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Torí ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe dá ti Àkúrẹ́ sílẹ̀ ní 1981. Ìyẹn nìkan kò tó. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ béèrè bóyá COREN, ìgbìmọ̀ tí òfin 1970 gbé kalẹ̀, fọwọ́ sí ẹ̀ka tí ọmọ yín fẹ́. Ẹ wọ ibi ìdánrawò wọn. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ fún ọdún márùn-ún, afárá wo ni yóò ṣe tí ọkọ̀ yóò gbà?