Ọmọdé Ò Mọ Oògùn, Àwa Ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lójú ara wa: epo pupa kì í ṣe oògùn májèlé. Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gbé nǹkan burúkú mì, ì báà ṣe kóró igi, ì báà ṣe kẹrosíìnì, ì báà ṣe oògùn eku, ẹni àkọ́kọ́ tó bá sáré dé á ti gbé ìgò epo dání. Ẹnì kan á di ọmọ lápá mú, ẹnì kejì á fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀, ẹnì kẹta á máa da epo sí i lọ́fun. Bí ọmọ bá bì, wọ́n á ní epo ti ṣiṣẹ́. Bí kò bá bì, wọ́n á tún da òmíràn sí i. Àwa ń sọ pé kí èyí dópin nílé Yorùbá, kó sì dópin lọ́wọ́ ìran tiwa yìí, ìran tó ní fóònù lọ́wọ́ tí kò sì ní àwáwí.

Kí ló burú nínú epo? Ẹ gbọ́. Ọ̀nà méjì ló wà lọ́fun èèyàn: ọ̀kan ń lọ sí ikùn, èkejì ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí ọmọ bá ń ké, tó ń jà, tí wọ́n sì ń rọ epo sí i lẹ́nu tipátipá, epo lè gba ọ̀nà kejì yẹn wọlé. Epo kì í ṣe omi tí ikọ́ lè tètè lé jáde. Ó nípọn, ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, bó bá sì dé inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè dá àìsàn tuntun sílẹ̀, kí mímí di ìjàkadì fún ọmọ. Ọmọ tó jẹ kóró kan á wá di ọmọ tó ní àìsàn méjì. Bó bá jẹ́ kẹrosíìnì ló mu, ọ̀rọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró gan-an ni kẹrosíìnì máa ń bà jẹ́ nígbà tí ọmọ bá ń bì í. Bíbì tí ẹ ń wá lójú méjèèjì yẹn, òun gan-an ni ewu. Àwọn májèlé kan tún wà tó máa ń yòrò sínú ọ̀rá. Epo kò ní lé irú wọn jáde, ṣe ló máa bá wọn ṣílẹ̀kùn kí wọ́n wọnú ara. Gbogbo àkókò tí wọ́n sì fi ń wá ìgò epo kiri, ó yẹ kí ọmọ ti wà lójú ọ̀nà ọsibítù.

A ò sọ̀rọ̀ yìí lófuurufú. Ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa, ní Ìbàdàn, nígbà ìsinmi iléèwé. Ọmọ àbúrò wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí èso lápálapá lára igi tí wọ́n fi ṣọgbà yí ẹ̀yìnkùlé ká. Wọ́n pa á, wọ́n bá kóró dúdú nínú rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò. Ó dùn bí ẹ̀pà. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà ò mọ̀ nìyẹn: kóró lápálapá kì í korò lẹ́nu ọmọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ ẹyọ kan ṣoṣo.

Kí wákàtí kan tó pé, ọmọ ti di ikùn mú. Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ó ń sunkún pé ọ̀fun ń ta òun. Aládùúgbò kan sáré wọlé pẹ̀lú ohun tí ẹ ti mọ̀.

"Ẹ fún un lépo, Màmá! Ẹ fún un lépo kíákíá!"

Ìyá wa àgbà, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló nawọ́ dí ìgò náà. "Ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu o. Kí ló jẹ? Ẹ lọ já ẹ̀ka igi náà wá, tòun tèso rẹ̀."

A fi omi fọ ẹnu ọmọ, a yọ èérún kóró tó há sí i léyín, a di ẹ̀ka lápálapá sínú ọ̀rá, ó di ọsibítù. Níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wojú ọmọ, wọ́n ní ká lọ gba káàdì, ká sì san owó sílẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì báńkì ò dáa. Ọmọ ń bì lórí itan ìyá rẹ̀, ẹni tó jókòó ní káńtà ń sọ pé òun ò tíì rí alẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí dókítà wá yọjú, ohun tí Màmá bi wá ni òun náà kọ́kọ́ bi wá: "Kí ló jẹ?" A gbé ẹ̀ka náà lé e lọ́wọ́. Wọ́n fa dírípù sí ọmọ lára, wọ́n ṣọ́ ọ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ebi ń pa òun.

A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí wa.

Àwọn àgbà ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́, kò mọ̀ pé ikú tó pa baba òun ni. A máa ń fi òwe yìí bú ọmọdé. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ọmọdé ni ò mọ̀. Ẹni tó pa òwe náà mọ̀. Ó mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀fọ́, ó mọ èyí tó jẹ́ ikú. Lónìí, àwa tá à ń fi òwe náà ṣe ọ̀ṣọ́ lórí Facebook, mélòó nínú wa ló lè dárúkọ igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká dárúkọ mélòó kan. Lápálapá, tí àwọn mìíràn ń pè ní bọ̀tújẹ̀: a fi ń ṣọgbà nítorí pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Ṣẹ́ ẹ rí i? Ewúrẹ́ mọ̀. Lárà: inú kóró rẹ̀ ni májèlé tí wọ́n ń pè ní ricin wà. Lọ́dún 1978, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ta nǹkan bíńtín kan sí Georgi Markov, òǹkọ̀wé ará Bùlgéríà, nítan. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kú. Ricin yìí ni àwọn olùwádìí gbà pé wọ́n fi pa á. Ojú ológbò: kóró pupa olójú dúdú, tó rẹwà débi pé wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Bí ọmọ bá gbé e mì láìrún un, èèpo rẹ̀ tó le lè mú kó bá ìgbẹ́ jáde. Bó bá rún un lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Olómi òjò, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé fún ẹwà: ọkàn ni májèlé tirẹ̀ ń bá jà, ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú títí ọkàn á fi dúró.

Lárà àti ojú ológbò tún ní ẹ̀tàn kan. Ọmọ lè rún un jẹ, kó ṣì máa ṣeré fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ pé "kò kúkú ṣe é ní nǹkan kan", kẹ́ ẹ wá jókòó.

Ẹ wá ṣí fóònù yín, kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń polówó àgbo lórí WhatsApp àti TikTok. "Ewé lásán ni, kò ní ìpalára kankan." "Ohun tí Ọlọ́run dá ni." Ọlọ́run yẹn náà ló dá paramọ́lẹ̀. Àbí ta ló kọ́ ìyá àwọn ìyá wa pé kí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sómi kó tó di fùfú? Ta ló ní kí wọ́n rin ín, kí wọ́n fún omi rẹ̀ dà nù, kí wọ́n jẹ́ kó kan, kí wọ́n tó yan án di gàrí? Kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó dé bá wa pẹ̀lú orúkọ cyanide, àwọn ìyá wa ti mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tútù lè pa èèyàn. Àṣà Yorùbá ò sọ ọ́ rí pé ohun tó bá ti hù látinú ilẹ̀ kò léwu. Àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "àdáyébá" yìí tiẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Apá Àárín Amẹ́ríkà ni lápálapá ti wá. Ìhà Amẹ́ríkà ni olómi òjò ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Àwọn baba wa bá igi àjèjì pàdé, wọ́n wò ó, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n mọ ibi tó dáa sí àti ibi tó burú sí. Ohun tí a ń pè ní àṣà nìyẹn. Kí èèyàn gbé epo kan náà dání fún gbogbo májèlé láìbéèrè ohun tí ọmọ jẹ, ìyẹn kì í ṣe àṣà, ìwà ọ̀lẹ ni. Obìnrin ẹni ọgọ́rin ọdún tó ní "ẹ lọ já ẹ̀ka rẹ̀ wá", òun ló ṣe ohun tí àwọn baba wa ń ṣe.

Ẹnì kan á ní: "Wọ́n rọ èmi náà lépo nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò kú." A gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jẹ kóró lápálapá kan tàbí méjì kì í kú, yálà wọ́n rí epo tàbí wọn ò rí epo. Ara wọn ló jà fún wọn. Epo kàn wà nítòsí ni, òun ló sì gba ìyìn. Ẹni tí epo pa ò lè wá sábẹ́ ọ̀rọ̀ wa wá jẹ́rìí. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bí irọ́ bá pẹ́ lẹ́nu àgbà, irọ́ náà ni.

Ẹlòmíì á ní: "Ẹ̀ ń pariwo ọsibítù. Ọsibítù dà? Owó dà?" Ìbéèrè gidi nìyí, a ò sì ní sá fún un. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá rú u á san ₦100,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Òfin wà nínú ìwé. Kí la rí ní káńtà? Káàdì àti alẹ́ẹ̀tì. Òbí tó ti mọ̀ pé owó ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, epo inú ilé ló máa kọ́kọ́ sá lọ bá. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀bi kọ́ ló wà lọ́rùn aládùúgbò wa. Ọsibítù tó ń ka owó kó tó ka èémí ọmọ wà lára àwọn tó gbé ìgò epo yẹn lé e lọ́wọ́. Ẹ há abala 20 sórí. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ sọ ọ́ sókè kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ nílé yín ńkọ́? Ẹ yọ ohun tó kù lẹ́nu ọmọ, ẹ fi omi fọ ẹnu náà. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ má fún un lépo, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má lọ èédú ìdáná fún un. Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n gìrì tàbí tó dákú, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi nǹkankan sí i lẹ́nu. Ẹ já ẹ̀ka igi náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ rántí ìgbà tó jẹ ẹ́ àti iye tó jẹ, kẹ́ ẹ sì gbọ̀nà ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112 káàkiri Nàìjíríà. 767 náà wà fún àwọn ará Èkó.

Kó tó ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Pierre Verger, ará Faransé tó fi Bahia ní Brazil ṣelé, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1995 tó pè ní *Ewé*. Orúkọ ewé Yorùbá kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ẹnu àwọn baba wa ló ti gbọ́ wọn. Àlejò jókòó, ó béèrè, wọ́n sọ fún un. Kí ló ń ṣe àwa ọmọ onílé? Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú fóònù yín, ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú agboolé, kẹ́ ẹ jọ rìn yí ilé ká. Ẹ ya fọ́tò igi kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò, ẹ kọ èyí tí ọmọ ò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, níbi tí wọ́n ti ń fi àgbo oníṣẹ́-ìyanu ránṣẹ́ sí yín láràárọ̀.

Epo pupa dùn lórí iṣu, ó dùn nínú ẹ̀wà. Ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.